Ẹ má fi òde ti awakọ̀ òfurufú wọ inú ìkùukùu

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú àìsinmi. Ọ̀rọ̀ bàálù kékeré ni mo gbé wá, àwọn tí kò gbà ju èèyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà lọ, tí àwọn olówó wa fi ń lọ sóde, tí àwọn kan sì ń wà fúnra wọn. Látìgbà tí pápákọ̀ òfurufú Gateway ti wà ní Ìpẹru, ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàjèjì sí etí ará Abẹ́òkúta mọ́. Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ni kò bá mi lára mu. Bí awakọ̀ bá gbéra, tó rí i pé ojú ọjọ́ ń bàjẹ́, tó sì ṣẹ́rí padà, wọn á ní ojo ni, wọn á ní kò mọṣẹ́. Ẹni tó bá forí la ìkùukùu, tó sì gbé wọn dé òde lásìkò, òun ni ọ̀gá lójú wọn. Wọ́n gbé oyè fún ẹni tí kò yẹ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí n sì fi iye àti ìwọ̀n sí i, torí ìṣirò ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Awakọ̀ pín sí oríṣi méjì. Àwọn kan gba ìwé àṣẹ láti máa fi aago inú ọkọ̀ nìkan wakọ̀, kódà bí wọn kò rí ìta rárá. Àwọn yòókù, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ aládàáni wà nínú wọn, ojú ni wọ́n fi ń wà á: wọ́n gbọ́dọ̀ máa rí ilẹ̀, kí wọ́n sì máa rí ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Àwọn ẹ̀yìn yìí ni mò ń bá wí, àti àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn wọn.

Ìkùukùu tó ń mú irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ èyí tó ń sán ààrá. Ìjì tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò máa ń dúdú lókèèrè, ó ń kọ mọ̀nàmọ́ná, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun kò rí i. Èyí tó léwu jù nílẹ̀ wa ni ìkùukùu pẹrẹsẹ tó máa ń bo ojú ọ̀run láàárọ̀ lásìkò òjò, pàápàá lóṣù keje àti ìkẹjọ. Òru ló ń dì í. Afẹ́fẹ́ tútù ti orí òkun wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fẹ́ gba ìsàlẹ̀ òfurufú kọjá lóru, ilẹ̀ ń tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì di ìkùukùu kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé irinṣẹ́ kalẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀, sí Savè ní orílẹ̀-èdè Benin àti sí Kumasi ní Gánà láti fi wọn ìkùukùu yìí. Ìdí rẹ̀ kì í sábà ga ju mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ sí ilẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ títí ọ̀sán yóò fi pọ́n. Kò sí ariwo, kò sí ìjì. Ẹni tó ní ìgbéyàwó aago mẹ́wàá, tó sì fẹ́ gbéra ní aago méje, àárín rẹ̀ gan-an ló ń lọ.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ilẹ̀ wa ń ga sí i béèyàn ṣe ń kúrò létíkun. Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà fi ẹsẹ̀ bàtà 135 ga ju ojú òkun lọ. Ti Ìbàdàn, ní Aláàkìá, jẹ́ 725. Ti Ìlọrin jẹ́ 1,126. Orí àpáta Olúmọ wa níbí jẹ́ mítà 137, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 450. Bí wọ́n bá sọ ní Ìkẹjà pé ìdí ìkùukùu wà ní 1,000, orí pápá wọn ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọn kò wọ̀n ọ́n láti ojú òkun; láti ojú òkun, ó di 1,135. Ká ní ìkùukùu yẹn tẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ láìgòkè láìsọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 410 péré ló máa kù lábẹ́ rẹ̀ ní Aláàkìá, bó bá sì fi máa dé Ìlọrin, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí pápá. Awakọ̀ tó gbéra ní Ìkẹjà, tí àyè gbà á dáadáa lábẹ́ ìkùukùu, lè má sọ̀ kalẹ̀ rárá. Ilẹ̀ ló ń gòkè wá bá a.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ti awakọ̀ kì í tó ọrún; wákàtí-wákàtí ni ìròyìn ojú ọjọ́ pápákọ̀ máa ń jáde, ó sì gbọ́dọ̀ kà á ju ẹyọ kan lọ kó lè mọ ibi tí nǹkan ń lọ. Wọ́n pín ojú ọ̀run sí ìdá mẹ́jọ. FEW ni pé ìkùukùu gba ìdá kan tàbí méjì, SCT mẹ́ta tàbí mẹ́rin, BKN márùn-ún sí méje, OVC ni pé ó bo gbogbo rẹ̀. Láti BKN lọ, òrùlé ni. BKN008 jẹ́ òrùlé ní ẹsẹ̀ bàtà 800. Kó tún wo iye méjì tí wọ́n fi ìlà là láàárín, bíi 25/23. Èkíní ni ìgbóná afẹ́fẹ́. Èkejì ni ibi tí afẹ́fẹ́ náà máa tutù dé kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ tó di ìkùukùu. Yọ èkejì kúrò nínú èkíní, kí o fi 400 sọ èyí tó kù di púpọ̀: 2 lọ́nà 400 jẹ́ 800, ibẹ̀ ni ìdí ìkùukùu máa wà tàbí itòsí ibẹ̀. Ìṣirò yìí péye jù fún ìkùukùu tí oòrùn ọ̀sán ń gbé dìde, ṣùgbọ́n ó wúlò láàárọ̀ náà. Bí àlàfo láàárín iye méjèèjì bá ń dín láti ìròyìn kan sí èkejì lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀, kùrukùru ń bọ̀ nìyẹn.

Abẹ́òkúta kò ní pápákọ̀ òfurufú tirẹ̀. Ìròyìn Ìkẹjà àti ti Aláàkìá ni ẹni tó fẹ́ kọjá lórí wa yóò kà, kò sì sí èyí tó sọ bí àárín ṣe rí nínú méjèèjì. Fóònù ló yanjú ìyẹn. Kí awakọ̀ pe ẹni tó mọ̀ ní Ìbarà tàbí ní Òkè-Ìlèwó: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta, ṣé ẹ rí orí òpó tẹlifóònù?” Bí wọ́n bá ní orí òpó ti wọ inú ìkùukùu, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó lọ jẹun àárọ̀.

Ti òfin kò gùn. Nínú àgbègbè tí táwà, ilé ìdarí ọkọ̀ ní pápákọ̀, ń darí, ẹni tó ń fojú wakọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbéra bí òrùlé ìkùukùu bá kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 1,500, tàbí tí ojú kò bá ríran tó kìlómítà 5, àfi bí táwà bá fún un ní àṣẹ àkànṣe. Lókè, kó fi mítà 1,500 jìnnà sí ìkùukùu lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 jìnnà sí i lókè tàbí nísàlẹ̀. Bó bá fò nísàlẹ̀ gan-an níbi tí kò sí táwà, òfin kàn ní kó má wọ inú ìkùukùu, kó sì máa rí ilẹ̀. Ìparí ààyè nìyẹn, kò yẹ kéèyàn máa gbé ibẹ̀. Lójú tèmi, awakọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì le kò gbọdọ̀ gbéra bí òrùlé bá kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 tàbí tí ìríran kò bá tó kìlómítà 8, kó sì fi bírò kọ iye méjèèjì sórí páálí nílé, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tójú rẹ̀ á máa tó. Ohun tí èèyàn kọ nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ṣòro láti bá jiyàn nígbà tí ìyá ìyàwó bá ń pè lórí fóònù.

Àwọn kan á bi mí pé, ọkọ̀ ò bàjẹ́, epo wà, kí ni ìkùukùu lásán fẹ́ fi èèyàn ṣe? Etí ni ẹ bi. Nínú etí kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá tín-ín-rín mẹ́ta tó tẹ̀ kọrọdọ wà, omi wà nínú wọn, irun kéékèèké sì wà nínú omi náà. Bí ara bá yí, omi á kẹ́yìn, irun á tẹ̀, ọpọlọ á mọ̀ pé a ń yí. Bí yíyí náà bá wá ń bá a lọ ní ìwọ̀n kan náà fún bí ogún ìṣẹ́jú àáyá, omi á bá a dọ́gba, irun á tò padà, ọpọlọ á ní a ti dúró gbọnrangandan. Ọmọdé tó yí òòyì tó sì dúró lójijì mọ ìyókù rẹ̀: ilẹ̀ á máa yí sódì kejì. Bó ṣe ń ṣe awakọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ rẹ̀ ti fi apá òsì lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò mọ̀. Bó bá tò ó, ara rẹ̀ á sọ fún un pé ọ̀tún ló ń ṣubú sí, á sì dá a padà sí òsì. Imú ọkọ̀ á dorí kodò, eré á pọ̀ sí i, á fa ọwọ́ ìdarí mọ́ra kó lè gòkè. Níwọ̀n ìgbà tí apá kan ṣì wà nílẹ̀, fífà tó ń fà kàn ń fún yíyí náà le sí i ni. Lọ́dún 1954, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán awakọ̀ 20 tí kò kọ́ ìfaagowakọ̀, ìyẹn fífi aago nìkan wakọ̀, wò, wọ́n bo ojú ìta mọ́ wọn lójú. Kò sí ẹyọ kan tó bọ́ nínú wọn. Ìpíndọ́gba àkókò tó gbà kí ọkọ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ wọn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 178. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹ ó rántí hẹlikọ́pítà tó já ní California ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2024, tó pa Herbert Wigwe, ọ̀gá báńkì Access, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, Abímbọ́lá Ògúnbánjọ àti awakọ̀ méjèèjì. Àjọ NTSB tó ń wádìí ìjàǹbá lọ́hùn-ún parí rẹ̀ sí pé awakọ̀ tó ń fojú wakọ̀ tẹ̀ síwájú wọ ojú ọjọ́ tí ojú kò ti ríran, ara sì tàn án jẹ. Bákan náà ni wọ́n wí nípa èyí tó pa Kobe Bryant àti èèyàn mẹ́jọ mìíràn ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2020: awakọ̀ náà ń sọ fún àwọn tó wà nílẹ̀ lórí rédíò pé òun ń gòkè lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 4,000, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ, tó ń yí sí òsì. Kò purọ́ o. Ohun tí etí rẹ̀ ń sọ fún un ló ń sọ. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ ni, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, kí ìkùukùu tó dé ni gbogbo ìpinnu wà. Nọ́ọ̀tì 100, tó jẹ́ eré àwọn ọkọ̀ kékeré yìí, jẹ́ kìlómítà 185 ní wákàtí kan, ìyẹn kìlómítà 3 lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ojú bá ríran tó kìlómítà 5, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ló wà láàárín awakọ̀ àti ibi tójú rẹ̀ mọ. Bó bá dín sí mítà 1,500, ó di ìṣẹ́jú àáyá 29. Yíyí tí a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tó ń gba ìṣẹ́jú kan gbáko láti fi kọ ẹ̀yìn síwájú, ń jẹ àyè tó fẹ̀ tó kìlómítà 2 ní eré yẹn. Ẹni tó bá ń dúró kí ìríran bàjẹ́ dé mítà 1,500 kó tó yí, inú ibi tí kò rí ló máa yí sí. Bó bá ti ń fura, kó dín eré kù sí nọ́ọ̀tì 70 tàbí 80 kó tó yí, kó sì ta fláàpù, awẹ́ ẹ̀yìn apá tó ń gbé ọkọ̀ ró bí eré bá kéré, díẹ̀ síta. Ní 70, bó bá fi apá ọkọ̀ lélẹ̀ ní dígírì 30, àyè tó máa jẹ kò tó mítà 500. Òsì ni kó yí sí bí méjèèjì bá mọ́lẹ̀ bákan náà, torí apá òsì ló jókòó sí, ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti tó ilẹ̀ jù.

Àmì tí mo fọkàn tán jù ni gíga. Ètò awakọ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà 2,500. Ó wo aago gíga, ó rí 2,200, kò sì rántí ìgbà tó pinnu láti sọ̀. Ìkùukùu ló ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ yẹn. Bó bá ti sọ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí ìkùukùu, kó bojú wẹ̀yìn bóyá ọ̀nà tó gbà wá ṣì ṣí, kó sì sọ fún táwà. Bó bá tún ní láti sọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kó yí padà lójú ẹsẹ̀, kó má bẹ ẹnikẹ́ni. Àmì mìíràn wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò: bí mọ́tò lójú títì Èkó sí Ìbàdàn bá ti ń tan iná lójú ọ̀sán, àwọn awakọ̀ ilẹ̀ ti rí ohun tí ti òkè kò fẹ́ rí. Àwọn tó ń gba orí ìkùukùu kọjá, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ ni. Ihò tí wọ́n gbà gòkè lè dí kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ, epo kì í sì dúró de ihò. Lọ́sàn-án, epo ìṣẹ́jú 30 gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lẹ́yìn tó bá dé, ṣùgbọ́n èyí tó máa gbé e padà sílé ni kó kọ́kọ́ kà.

Tó bá ti wọ inú rẹ̀ ńkọ́? Kó gbójú kúrò lára gíláàsì, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Àárín iwájú rẹ̀ ni aago kan wà tí òkè rẹ̀ jẹ́ búlúù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, tí àwòrán ọkọ̀ kékeré kan wà lórí ìlà tó pín wọn. Kó tò apá àwòrán yẹn mọ́ ìlà náà, kó sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Ìka méjì àti àtàǹpàkò tó láti di ọwọ́ ìdarí mú. Ẹni tó bá fi gbogbo ọwọ́ fún un, á fà á láìmọ̀. Kó má fọwọ́ kan agbára ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, kó wo aago ìtọ́sọ́nà: iye tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní òdìkejì èyí tó wà lókè, ni ọ̀nà ilé. Kó fi apá lélẹ̀ ní dígírì 15, kó má jù bẹ́ẹ̀, kó ka 60, kó sì tò ó padà. Títí yóò fi parí, kó má tẹrí ba wá máàpù tàbí fóònù tó já bọ́. Orí tó tẹ̀ nínú yíyí ni òòyì ń mú jù. Bí òkè tàbí òpó bá wà nítòsí, gígòkè ló ṣáájú: kó tò apá, kó fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára, kó lọ sí gíga tó fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ju ohun tó ga jù láàárín kìlómítà 9 lọ. Kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti wá ihò. Rédíò ló kẹ́yìn, lórí ìkànnì tó ń lò tàbí 121.5, ìkànnì pàjáwìrì, kó sì tẹ 7700, nọ́ńbà pàjáwìrì, sórí ẹ̀rọ tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ hàn lójú rédà. Kó sọ ọ́ ṣáká pé inú ìkùukùu lòun wà, òun kò sì kọ́ ìfaagowakọ̀. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí àwọn mìíràn máa fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ sọ ọ́.

Bí ọkọ̀ bá ní ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, inú oòrùn ni kó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tàn án.

Ohun kan tí wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ọ́: yìnyín. “Yìnyín kẹ̀, ní Nàìjíríà?” Nínú kábúrétọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tó gba ọ̀nà tóóró kọjá níbẹ̀, pẹ̀lú epo tó ń di oru, lè tutù ju ti ìta lọ ní ogún dígírì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀rinrin abẹ́ ìkùukùu, ó lè di yìnyín kódà bí ìta bá jẹ́ 25. Ìyípo ẹ́ńjìnnì á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, awakọ̀ á sì máa fún un ní epo sí i láìfura. Kó fa ọwọ́ ooru kábúrétọ̀ jáde tán pátápátá. Ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ burú sí i, á máa wúkọ́ bí omi yìnyín tó yọ́ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ á bẹ̀rù, wọ́n á tì í padà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́. Kó fi sílẹ̀ títí ìyípo yóò fi gòkè padà.

Ó ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun ẹ̀yìn. Láti Ìkẹjà sí Abẹ́òkúta, ní títọ́, kò ju kìlómítà 64 lọ, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójú òfurufú. Ìpẹru lẹ máa balẹ̀ sí náà, ẹ ó sì tún wọ mọ́tò gba ọ̀nà Ṣàgámù wá sílé. Ogún ìṣẹ́jú yìí kọ́ ló yẹ kéèyàn fi ojú awakọ̀ rí màbo lé lórí. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò kan wà ní sẹpẹ́ ní Ìkẹjà kí bàálù tó gbéra, kí dírẹ́bà mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ padà. Bí àyè ìpadà bá ti wà, awakọ̀ kì í lọ́ra láti yí. Bó bá ti wà lókè, ẹ má bi í pé “Ó kù díẹ̀, àbí?”, ẹ má sì ṣèlérí owó lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba awakọ̀ síṣẹ́, ẹ sọ fún un lójú ẹlẹ́rìí pé owó oṣù rẹ̀ kò ní dín lọ́jọ́ tó bá yí padà, kẹ́ ẹ sì mú un ṣẹ nígbà àkọ́kọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, torí ọjọ́ yẹn ló máa mọ̀ bóyá òótọ́ lẹ sọ.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: ibo ni òrùlé ìkùukùu wà níbi tí à ń lọ, gíga wo lo máa dé tí wàá fi yí padà, pápákọ̀ wo la máa yà sí bí ẹ̀yìn wa bá dí? Awakọ̀ gidi á dáhùn kẹ́ ẹ tó gbẹ́nu dúró. Bí kò bá ní èsì fún ìkẹta, ẹ gbé báàgì yín, ẹ lọ bá dírẹ́bà.

Emi ni tiyín,
Olùkọ́ awakọ̀ òfurufú kan,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.